Ìmúrasílẹ̀ fún Ìrìn-àjò Ìsinmi sí Ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí ṣe bá ẹni tí ó ń lọ sóde ijó wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ẹni tí ó ń lọ sí ìrìn-àjò wí. Lọ́dọọdún, bí ìdánwò bá ti parí, etí òkun ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lórí èyí. Àgbádárìgì kì í ṣe ibi tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: a ń rí ipa òwò ẹrú níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wu ènìyàn ni ó lè dé etí òkun, yóò bá omi nílé. Ilẹ̀ òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà láìmúra lè dé ibẹ̀ kí ó má bá ohun tí ó ń wá. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mo ń kọ èyí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Orúkọ tí ó jẹ mọ́ ọ̀nà

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagunńlá, ọmọ Odùduwà, ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ògbó kan ni bàbá rẹ̀ fún un. Ògbó yìí ni ó fi ń la ọ̀nà nínú igbó, kò sì ṣìnà. Láti inú gbólóhùn náà, ‘Ògbó mi mọ̀nà’, ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ajagunńlá yìí ni Ọ̀ràngún àkọ́kọ́. Ẹ ò rí i pé orúkọ àwọn ènìyàn yìí gan-an, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni. Àwa tí a kò ní irú ògbó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ètò ni ògbó tiwa.

Àṣìṣe tiwa

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àdéhùn pé a ó pàdé ní ‘ìlú Ọ̀ràngún’ ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì. Èrò wa ni pé a ó wo omi Ayìnkúnnúgbá tí ó ń já bọ́ láti orí àpáta, a ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Èmi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Ìlá. Mo dúró títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní òun wà níwájú ààfin Ọ̀ràngún. Mo ní èmi náà wà níwájú ààfin Ọ̀ràngún, n kò sì rí i. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó bú sẹ́rìn-ín, tí ó ní, ‘Ọmọ mi, Ọ̀ràngún wo ni ẹ̀ ń wí?’

Ní ọjọ́ kejì a dé ibi omi. Omi tí a rí kò ju èyí tí ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lára àpáta lọ. A kọjá sí ilé ìyá àgbà, wọ́n ní ó ti lọ síbi ìkómọ ní Ọ̀rà, yóò dé lọ́jọ́ kẹta. A kò ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ nìkan ni ó sì kù lọ́wọ́ wa. A ní kí wọ́n bá wa kí i, pé a ó padà wá ní ìsinmi tí ń bọ̀. Kí ìsinmi náà tó dé, ìyá ti sùn. Ohun tí ó mọ̀ nípa èdè àti ìṣe àwọn baba rẹ̀, n kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀nà tí ó yẹ kí á gbà múra yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní: Kí a mọ ìlú tí a ń lọ

Ìlú méjì ni ọba wọn ń jẹ́ Ọ̀ràngún: Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìtàn wọn sọ pé Ìlá-Yàrà ni wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ọba tó pínyà. Àárín ìlú méjèèjì tó bíi kìlómítà 10, òkè àti àfonífojì ni ó sì là wọ́n láàárín. Ìlá-Ọ̀ràngún ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá. Òkè-Ìlá ni ti Ìfẹ́dayọ̀, níbi tí Ọ̀rà-Ìgbómìnà pẹ̀lú wà. Òkè-Ìlá ni omi Ayìnkúnnúgbá wà, ibẹ̀ náà sì ni ihò Ìsinró wà, èyí tí ìtàn so mọ́ Adétinrín, ìyá Ajagunńlá. Bí a bá dé garejì, kí a pe orúkọ ìlú náà tán pátápátá.

Èkejì: Kí a mọ àkókò

Ní agbègbè yìí, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Ọyẹ́ a máa fẹ́ ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Ẹni tí ó bá lọ wo omi nínú oṣù Kejì, bí àwa ti ṣe, ìyà ara rẹ̀ ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àárín òjò ni ó dára jù. Omi pọ̀ nígbà náà lóòótọ́, àmọ́ àpáta a máa yọ̀, ọ̀nà oko a sì máa di ẹrẹ̀. Lójú tèmi, ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ni ó yẹ jù: omi kò tíì fà, ilẹ̀ sì ti ń gbẹ. Bí ìsinmi yunifásítì kò bá bọ́ sí àkókò yìí, kí a mọ̀ pé àwọn àgbà ni à ń lọ bá, kì í ṣe omi, kí a sì ṣètò lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ọ̀nà, owó àti ibùsùn

Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lè kọ́kọ́ dé Òṣogbo, kí ó tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Ó dára kí ó lo ọjọ́ kan níbẹ̀ láti wo Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà tí ó kú ní 2009, àti ti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Kí a rántí pé oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Èrò a máa pọ̀, ibùsùn a sì máa wọ́n.

Kí a wádìí bí ọ̀nà ṣe rí lẹ́nu àwọn tí ń gbé ibẹ̀, kí a sì tètè gbéra kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa lọ́nà. Ní ti owó, kí a pín in sí mẹ́ta: ti ọkọ̀, ti oúnjẹ àti ẹ̀bùn, àti èyí tí a kò ní fọwọ́ kàn àfi bí ọ̀ràn bá dé. Ìpín kẹta yìí ni àwa kò ní, òun ni kò jẹ́ kí á lè dúró de ìyá àgbà.

Ẹ̀kẹrin: Ìwà àti ìkíni

Kí a gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì ránṣẹ́ ṣáájú. Bí a bá dé, ààfin tàbí ilé olóyè àdúgbò ni kí a kọ́kọ́ yà. Ẹni tí ó bá dọ̀bálẹ̀ tàbí tí ó kúnlẹ̀ kí àgbà dáadáa, àgbà yóò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Kí a tọrọ àyè kí á tó ya fọ́tò tàbí kí á tó gba ohùn sílẹ̀. Kí a béèrè bóyá èèwọ̀ kan wà ní ọjọ́ tí a dé. Kí a má sì lọ ká àgbẹ̀ mọ́lé láàárọ̀ nígbà tí ó ń lọ sóko. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń dùn.

Ẹ̀karùn-ún: Ààlà kò pín ìtàn

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Ìlá sí abẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà sí abẹ́ Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, àti Ọ̀ṣun ní 1991, ààlà náà kò yí padà. Kí a má jẹ́ kí ààlà yìí dá wa dúró. Ní Èsìẹ́, ní Kwara, ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà níbẹ̀. Ní 1933 ni òyìnbó kan tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, H. G. Ramshaw, ròyìn wọn fún ayé. Ní 1945 ni wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ètò ọjọ́ márùn-ún

Ọjọ́ kìíní: Òṣogbo. Ọjọ́ kejì: Ìlá-Ọ̀ràngún, kí a kí ààfin, kí a sì mọ ìlú. Ọjọ́ kẹta: Òkè-Ìlá, kí a kí ààfin, kí a tó lọ sí ibi omi. Ọjọ́ kẹrin: kí a má kọ nǹkan kan sí i, ọjọ́ àwọn àgbà nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún: Èsìẹ́, tàbí ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé ètò yìí kúrú, kí ó gé ọjọ́ mìíràn, kí ó má ṣe gé ọjọ́ kẹrin. Kí a tó gbéra rárá, kí a ka ìwé tí John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan jùmọ̀ kọ ní 1996 lórí ọba jíjẹ ní Ìlá, kí a lè mọ ohun tí a ó béèrè.

Àgbálọgbábọ̀

Bí omi bá fà lọ́dún yìí, òjò yóò tún kún un lọ́dún tí ń bọ̀. Àgbà tí ó bá lọ kò ní padà. Ìdí nìyí tí ètò ìsinmi kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, tàbí ní ìlú yòówù, ẹ ránṣẹ́ sí wọn kí ìdánwò tó parí. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì dé lọ́jọ́ náà.