Kíkó Ìsọ̀ Ohun Àtijọ́ Lọ sí Ilé Àtijọ́

Ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ sábà máa ń san owó ilé lọ́nà méjì: ó ń san ti ìsọ̀, ó tún ń san ti ibi tó ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ìsọ̀ ọ̀hún máa ń wà. Eruku ń wọ ọ́, páànù orí rẹ̀ ń gbóná, onílé sì ń fi owó kún owó. Abájọ tí àwọn kan fi ń wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọn yóò tún ṣe, kí wọ́n máa tajà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé lókè. Orí yìí dá lé bí èèyàn ṣe lè ṣe é tí ilé kò fi ní bà jẹ́, tí ọjà náà kò sì ní bà jẹ́.

Èkó ti mọ irú ìgbé ayé yìí tipẹ́. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900. Àwọn ni Àgùdà. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní erékùṣù Èkó. Káfíńtà àti bíríkìlà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú wọn, ilé tí wọ́n kọ́ sì hàn láàárín ilé: fèrèsé gíga onípákó, bálíkónì onírin, òdòdó tí wọ́n mọ sára ògiri yí ẹnu ọ̀nà ká. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò, òkè ni ẹbí ń gbé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú Òde, àti ní Àjàṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo.

Irú ilé wọ̀nyí ń dín kù. Ní Ìta Tinúbú ní Èkó, ilé kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1855, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣì dúró, nítorí pé àwọn kan tún un ṣe ní 2010, wọ́n sì sọ ọ́ di musíọ́mù. Ilé àtijọ́ ṣeé gbà là.

Ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ sì yẹ kó mọ ọ̀nà tí à ń gbà gbà á là ju ẹlòmíràn lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi yanrìn fọ dúdú tó wà lára ère, òun ti dín owó tó lè mú wá kù. Ọjọ́ orí nǹkan ni à ń tà. Ojú kan náà ni kó fi wo ògiri, àtẹ̀gùn àti fèrèsé ilé tó fẹ́ máa gbé.

Kí ẹ tó sanwó

Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé wọ̀nyí. Èyí ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, lójú òfin, wọn kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn olórí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbà sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé títà náà bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Nítorí náà, gbogbo wọn ni kó fọwọ́ sí ìwé, lójú lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Ẹ tún jẹ́ kí lọ́yà náà yẹ ìwé ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kéde ilé náà ní ohun ìrántí, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lára rẹ̀ láìgba àṣẹ Àjọ Tó Ń Bójú Tó Musíọ́mù àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè. Bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀ kí bíríkìlà tó gbé ọkọ́.

Ẹ lọ wo ilé náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ dúró lókè, kí ẹ gbé ojú sájà. Òjò yóò fi hàn yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohun tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi abẹ́ àjà, pàápàá níbi tó ti wọ inú ògiri. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́. Ẹ fi ìka kan ògiri. Ibi tó bá ń dún bí ohun òfìfo, ìrẹ́ ti bọ́ kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Bí ògiri bá sán, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ṣì ń rìn.

Òrùlé, lẹ́yìn náà ògiri

Òrùlé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kun yàrá kó tó dí ibi tó ń jò, ó da owó nù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà omi mọ́ lórí ilé, kí omi tó bá bọ́ sílẹ̀ sì ní ibi tí yóò gbà jáde, kó má baà máa dúró nídìí ògiri.

Bó bá jẹ́ òrùlé asbestos, ìyẹn àwọn páànù líle aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí i. Eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi rin ín, tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní odindi, tí wọ́n sì ń dì í kí wọ́n tó gbé e lọ. Ọ̀dà àtijọ́ náà léwu, nítorí òjé máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, eruku òjé yóò kún ilé, yóò sì ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì gbé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ilé tó bà jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ògiri. Amọ̀ ni ògiri ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, láìmù tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Òkúta ẹfun tàbí ìkarahun tí wọ́n sun nínú iná ni wọ́n fi ń ṣe láìmù. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi láti ilẹ̀, ó sì máa ń tú u jáde sínú afẹ́fẹ́, bí ìkòkò amù ṣe ń làágùn. Láìmù ń jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́. Bíríkìlà òde òní yóò sọ fún yín pé sìmẹ́ǹtì ló lágbára jù, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n agbára yẹn gan-an ló ń pa ògiri amọ̀. Omi yóò há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, amọ̀ yóò rọ̀, ní ọjọ́ kan gbogbo ìrẹ́ náà yóò já lulẹ̀ tòun ti odidi apá kan ògiri. Nítorí náà, láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọ̀dà tó ń jẹ́ kí ògiri mí kùn ún. Láìmù máa ń jó ojú àti awọ ara; kí òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti dígí ojú.

Fèrèsé onípákó ńkọ́? Ẹ má sáré yọ ọ́ láti fi ti aluminiọ́ọ̀mù sí i. Ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Káfíńtà lè gé ibi tó jẹrà kúrò kó sì fi igi tuntun rọ́pò, owó rẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo ju ti tuntun lọ.

Wáyà iná àtijọ́ ní tirẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Igi ni àjà, igi ni àtẹ̀gùn, igi ló kún ìsọ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀yin sì ń sùn lókè. Ẹ wá ọ̀nà kejì tí ẹ lè gbà sọ̀ kalẹ̀ bí iná bá sọ. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ìsọ̀ tàbí sábẹ́ àtẹ̀gùn láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Ó ti pa odidi ẹbí lójú oorun.

Ìwé ọjà

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ẹ jókòó sí ìsọ̀ yín ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ní sílẹ̀. Kì í ṣe “àga mẹ́ta”. Báyìí ni kó rí: “Àga ìrókò kan, ọlọ́wọ́ méjì, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòsì ti là, ìṣó bàbà ni wọ́n fi mú un pọ̀.” Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Àpá ara ohun kan ló ń jẹ́ kí ọlọ́pàá dá a mọ̀ bí wọ́n bá jí i. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rà á, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti ẹni tó tà á fún yín.

Àkókò yìí náà ló dára láti mọ ohun tí òfin sọ. Òfin tó dá Àjọ Musíọ́mù sílẹ̀ ní 1979 sọ pé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé: ère, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, òpó, ìlù, ọ̀pá, ohun ìjà. Èyí tí wọ́n bá ti lò rí fún ìbọ tàbí ètùtù náà wọ inú rẹ̀ bó bá ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, kódà bí kò tó ọjọ́ orí yẹn. Aṣojú tí Àjọ náà fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Aago ògiri àti gíramafóònù tó ti ìlú òyìnbó wá kò sí nínú òfin yìí. Bí ohun kan nínú ọjà yín bá ń kọ yín lóminú, ẹ pe àwọn ará musíọ́mù Oníkan kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ère amọ̀ ti Ifẹ̀ àti ti Nok, àti ère òkúta ti Ẹ̀sìẹ́, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kan wọn. Gbogbo ayé ló ń wá àwọn tó ń jí wọn tà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí òfin yìí. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé Musíọ́mù ti Britain fẹ́ rà á. Ọba kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Òwò pààrọ̀ kan ṣoṣo ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ ìkẹ́rù

Ẹ má kó ẹrù wọlé kí ògiri tó gbẹ. Láìmù tuntun máa ń tú omi jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, omi yẹn yóò sì di ìbu lára igi àti aṣọ. Ẹ lẹ nílọ́ọ̀nù funfun kan mọ́ ògiri lálẹ́, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ yíká. Bí omi bá ṣe lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ dúró ná.

Ẹ yẹ igi kọ̀ọ̀kan wò. Ìyẹ̀fun tuntun tó ń dà láti inú ihò wínníwínní fi hàn pé kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́. Musíọ́mù máa ń fi òtútù pa á: wọn á dì í sínú nílọ́ọ̀nù, wọn á sì fi sínú fìríìsà tó tutù gan-an fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àmọ́ ohun tí wọ́n kùn lọ́dà, eyín erin, àti ohun tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ kò gbọdọ̀ wọ fìríìsà.

Aṣọ òwú tó ti rọ̀ ni kí ẹ fi di igi àti idẹ, nítorí nílọ́ọ̀nù máa ń há ọ̀rinrin mọ́ ọn. Kò sí ohun tí a gbọ́dọ̀ fi etí tàbí ọwọ́ rẹ̀ gbé. Ìdí rẹ̀ ni à ń dì mú, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ yọ irin tó ń fì nínú aago ògiri. Ẹ tú ẹnu gíramafóònù kúrò. Ẹ to àwo orin àtijọ́ ní ìdúró, nítorí bí ẹ bá tò wọ́n léra, wọn yóò fọ́. Dígí náà, ìdúró ni. Ẹ da epo inú àtùpà nù. Ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti gbó, inú àpótí tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń bá aláàárù ṣe àdéhùn, ẹ sanwó fún wọn lójúmọ́, ẹ má sanwó lórí ìrìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń sáré kí ìrìn rẹ̀ lè pọ̀ ni yóò fi àpótí gbá òpó.

Nínú ilé tí ẹ kó lọ, ìsàlẹ̀ ni kí àpótí irin àti kọ́bọ́ọ̀dù wíwúwo wà, àní bí àjà òkè bá tilẹ̀ dà bí èyí tó le. Ẹ gbé wọn kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ọwọ́ lè wọ ẹ̀yìn wọn, kí ẹ sì lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wá ikán lóṣooṣù. Ẹ bẹ onílé yín ti tẹ́lẹ̀ kó jẹ́ kí ẹ fi pátákó àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ pe àwọn oníbàárà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn àgbà tí kì í ka ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí ẹ sì sọ ibùdókọ̀ tí wọn yóò ti sọ̀ fún wọn.