Kí ni Òfin Sọ nípa Owó Kirípítò?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì kó àga, tábìlì àti ohun gbogbo tí ọwọ́ wọn tẹ̀ lọ. Àwọn tí inú ń bí nítorí owó tí wọ́n ti kó lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni wọ́n. A ti ṣe ìlérí fún wọn pé òwò owó kirípítò yóò sọ owó wọn di ìlọ́po méjì láàrin 30 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó wọn padà, ọ̀nà ti dí. Àjọ tí ó ń ṣe àbójútó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí SEC, sì kéde pé òun kò fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé-àṣẹ rí.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ẹ̀kọ́ ni pé ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó fi àyè gba òwò kirípítò ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé òfin ti fi àyè gbà á lè rò pé ìjọba ti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àyè, ọ̀tọ̀ sì ni onígbọ̀wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni ẹ̀kọ́ òní.

Kí ni kirípítò?

Kirípítò kì í ṣe owó tí a lè fi ọwọ́ mú. Àkọsílẹ̀ ni, nínú ìwé ìṣirò ńlá kan tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Nígbà tí ẹnì kan bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, a óò kọ ọ́ sínú gbogbo ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ná owó kan náà ní ẹ̀ẹ̀méjì. Bitcoin ni àkọ́kọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ tí ó gbilẹ̀. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto ni ó gbé ètò rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Ẹni tí ó ní in ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ó dà bí kọ́kọ́rọ́ àpótí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sọnù, tàbí bí olè bá mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀gá báńkì tí a lè lọ bẹ̀.

Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn owó ẹyọ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí orí ọba lára owó ẹyọ, kò sì sí báńkì tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ a fi ń ra iṣu, a fi ń san ìdána, a sì ń ka 20,000 rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó gbà láti máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Òyìnbó kó owó ẹyọ rẹpẹtẹ wá sí Èkó láti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Iye rẹ̀ já wálẹ̀, ẹni tí ó ti kó o jọ sì rí i pé ọrọ̀ òun ti fúyẹ́.

Bitcoin kò lè pọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ètò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ àwọn tí ń rà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ẹyọ kan rẹ̀ súnmọ́ dọ́là 69,000. Nígbà tí ọdún 2022 fi parí, kò tó dọ́là 17,000 mọ́. Kò sí òfin orílẹ̀-èdè kankan tí ó dá ìṣubú náà dúró.

Ìbéèrè mẹ́ta

Bí a bá bèèrè bóyá òfin gba kirípítò, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀kan yìí. Èkíní: ṣé owó ni, tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ kọ̀ bí a bá fi san gbèsè fún un? Èkejì: ṣé ohun ìní ni, tí ènìyàn lè rà, kí ó sì tà, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè ra ilẹ̀ tàbí màlúù? Ẹ̀kẹta: ta ni ó lè ṣí ọjà rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ta ni ó sì ń ṣọ́ ọlọ́jà náà? Orílẹ̀-èdè kan lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí èkíní, kí ó sì dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí èkejì.

Bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó dára kí a wo ohun tí ojú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí.

El Salvador, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ sọ Bitcoin di owó tí òfin mọ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó sì sọ pé kí àwọn oníṣòwò máa gbà á pẹ̀lú dọ́là Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Ìjọba fún ẹnikẹ́ni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní Bitcoin tí ó tó dọ́là 30. Ọ̀pọ̀ gba ẹ̀bùn náà, wọ́n ná an tán, wọn kò sì lò ó mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìjọba náà ti bá Àjọ Owó Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí owó yíyá, wọ́n yí òfin padà. Kò di dandan fún oníṣòwò kankan mọ́ láti gbà á. Central African Republic náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì yí i padà ní ọdún 2023. Àṣẹ lè sọ ohun kan di owó lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò lè fi agbára mú kí ọkàn àwọn ará ọjà balẹ̀ sí i.

Àwọn kan gba ọ̀nà òdì-kejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Ṣáínà kéde pé gbogbo òwò kirípítò lòdì sí òfin. Àlùjéríà ti ka ríra, títà, lílò àti níní rẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 2018. Nítorí náà, ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń ṣe láìsí ìbẹ̀rù ní ilé lè sọ ọ́ di ọ̀daràn bí ó bá dé ilẹ̀ àjèjì.

Ní Íńdíà, báńkì àgbà wọn pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí àwọn báńkì má ṣe bá àwọn oníṣòwò kirípítò da nǹkan pọ̀. Àwọn oníṣòwò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì fagi lé àṣẹ náà ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ní ọdún 2022, ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí 30 nínú 100 lórí èrè kirípítò. Síbẹ̀ kò sọ ọ́ di owó tí òfin mọ̀. Ẹni tí ó ń san owó-orí lórí nǹkan kò gbọdọ̀ rò pé ìjọba ti ṣe onígbọ̀wọ́ nǹkan náà.

Ìbànújẹ́ ni ó kọ́ Jàpáànù ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé pàṣípààrọ̀ tí ó ti fìgbà kan rí tóbi jù lọ, Mt. Gox ní Tókíò, wó lulẹ̀, ó sì kéde pé Bitcoin bí 850,000 ti pòórá. A rí bí 200,000 nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni òfin Jàpáànù ti sọ pé gbogbo ilé pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọn kò sì gbọdọ̀ da ohun ìní oníbàárà pọ̀ mọ́ tiwọn. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ṣe òfin kan ṣoṣo fún ara wọn, èyí tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024.

Ní Nàìjíríà

Náírà ni owó tí òfin mọ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 1973, kirípítò kò sì gba ipò rẹ̀. Oníṣòwò lè kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣe òwò kirípítò pa. Òwò náà kò tán. Ó kúrò ní ojú báńkì, ó di ohun tí ẹnì kan ń bá ẹlòmíràn ṣe lórí fóònù. Ní ọdún 2022, SEC gbé ìlànà jáde fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ gbà kí àwọn báńkì ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ kirípítò tí ó bá ní ìwé-àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn báńkì fúnra wọn kò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Òfin ọdún 2025 wá fi òwò náà sí abẹ́ àbójútó SEC, ó sì fi ìyà ńlá lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń fi owó ẹni ẹ̀yìn san èrè ẹni iwájú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin owó-orí tuntun ka èrè kirípítò mọ́ èrè tí a ń san owó-orí lé.

Ibi tí àṣẹ parí sí

Bí báńkì tí owó ènìyàn wà bá kógbá sílé ní Nàìjíríà, àjọ ìbánigbófò tí ó wà fún owó inú báńkì, tí a mọ̀ sí NDIC, yóò san án fún oníbàárà títí dé mílíọ̀nù náírà 5. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ kò sí fún kirípítò. Ìwé-àṣẹ ń jẹ́ kí a mọ orúkọ ọlọ́jà àti ibi tí a ti lè mú un, ṣùgbọ́n kò dá owó tí ó ṣòfò padà. Ilé-iṣẹ́ FTX, tí ó fi Bahamas ṣe ibùjókòó, gba ìwé-àṣẹ níbẹ̀. Síbẹ̀ ó wó lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pẹ̀lú owó àwọn oníbàárà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọwọ́ lé òwò yìí, kí ó kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ SEC bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé wọn. Kí ó bèèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ àṣírí náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe fi owó ilé-ìwé ọmọ, owó irúgbìn tàbí owó èsúsú ẹgbẹ́ ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèlérí pé owó yóò di méjì láàrin oṣù kan, ìlérí náà ti tó láti fi mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ ni, ìbá à ṣe ọmọ ìyá ẹni ni ó mú un wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí òfin fi àyè gbà àti ohun tí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí àwọn ará El Salvador kò fi lo Bitcoin púpọ̀ bí òfin tilẹ̀ ti pàṣẹ rẹ̀?
3. Bí ẹnì kan bá wá sí abúlé yìí lọ́la láti gba owó fún òwò kirípítò, ìbéèrè wo ni a óò kọ́kọ́ bi í?