Asẹ́ kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fi òyì yọ ìdọ̀tí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tètè bọ́ sí wa lẹ́nu nígbàkígbà tí a bá fẹ́ fi Yorùbá pe ohun tó ń mú ìdọ̀tí kúrò nínú nǹkan olómi: asẹ́. Fílítà omi, asẹ́ ni. Fílítà ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀, asẹ́ náà ni. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù Scania àti ẹ́ńjìnnì E7 ti Mack, ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń bá fílítà ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní centrifuge. Bí a bá pe èyí náà ní asẹ́, a ti ṣì í pè, àṣìpè náà kò sì mọ sórí èdè nìkan. Ó lè mú kí èèyàn tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ìtọ́jú tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì olówó ńlá sì ti ibẹ̀ nọ́kì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó lè sẹ́ nǹkan, ihò gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó bá tóbi ju ihò lọ á dúró, èyí tó bá kéré á gba ibẹ̀ kọjá. Bó ti rí fún aṣọ asẹ́ náà ló rí fún bébà inú fílítà. Ẹni tó ń ṣe ògì mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun ń ṣe, Yorùbá sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sẹ́ àgbàdo lílọ̀, eèrí á kù sínú asẹ́. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: eèrí ni èèpo ọkà tó kù nínú asẹ́, èérí ni ìdọ̀tí.) Lẹ́yìn náà ni yóò gbé èyí tó sẹ́ kalẹ̀, tí ògì á silẹ̀, tí omi orí rẹ̀ á sì tòrò. Ní àsìkò tí ògì ń silẹ̀ yìí, kò sí aṣọ níbẹ̀, kò sí ihò. Ìwọ̀n ló ń pín wọn níyà: èyí tó wúwo á lọ sísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wà lókè. Kò sí ẹlẹ́kọ tó jẹ́ sọ pé òun ń sẹ́ ògì nígbà tó ti gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bákan náà ni a kì í sọ pé à ń sẹ́ ẹ̀wà nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ, torí afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí ìdọ̀tí fi kúrò ni Yorùbá fi ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe pé ó ti kúrò nìkan.

Ìdílé silẹ̀ ni ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí ti wá. Agolo kan ló wà nínú rẹ̀, tó jókòó sórí ọ̀pá oníhò, tó sì lè yí láìsí ìdíwọ́. Agbára tí pọ́m̀pù fi ń ti ọ́ìlì ló ń gbé ọ́ìlì gba inú ọ̀pá wọ agolo. Bí ó bá kún, ọ́ìlì á máa tú jáde láti ihò tín-ín-rín méjì nísàlẹ̀, tí ọ̀kan kọjú síhìn-ín, tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Ìtújáde yẹn ló ń ti agolo lẹ́yìn, tí ó fi ń pòyì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, láìlo iná, láìlo bẹ́líìtì. Ọ́ìlì tó jáde á ṣàn padà sínú sọ́m̀pù; èédú tí dísẹ́ẹ̀lì tó jóná fi sílẹ̀ àti ẹ̀rún irin, tí wọ́n wúwo ju ọ́ìlì lọ, á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri agolo. Ká ní ògiri náà fi sẹ̀ǹtímítà 6 jìnnà sí àárín, tí agolo sì ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó ń ti ìdọ̀tí mọ́ ògiri yóò ju ìwọ̀n ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1,600. Ìdọ̀tí tí kò lè silẹ̀ nínú sọ́m̀pù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń rú ọ́ìlì pọ̀ ṣáá, á silẹ̀ níbẹ̀. Kìkì pé ilẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nísàlẹ̀, ó ti di ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá tú agolo náà á bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tó ti ki mọ́ra wọn yíká ògiri, tí a ní láti họ kúrò. Kì í ṣe ìmọ̀ àná. Gustaf de Laval, ará Sweden, ti ń fi irú òyì bẹ́ẹ̀ ya ọ̀rá kúrò lára wàrà láti 1878, ilé iṣẹ́ tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1883 sì ń jẹ́ Separator, orúkọ tó ń sọ nípa yíya nǹkan sọ́tọ̀, tí kò sọ nípa sísẹ́ rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ a máa fẹ̀. Epo ọ̀pẹ la mọ̀ sí epo látijọ́, lónìí a ń ra epo ọkọ̀ ní ilé epo, èdè kò sì bàjẹ́. Kí ló dé tí asẹ́ kò lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé orúkọ epo kò mú ẹnikẹ́ni fi bẹntiróò se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n asẹ́ ń gbé ìmọ̀ràn wọ ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ. Bí asẹ́ bá kún, ó ń dí; ọ́ìlì kì í lè kọjá dáadáa mọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì tètè fura. Agolo tí ń pòyì kì í dí bẹ́ẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá kún inú rẹ̀, ọ́ìlì á ṣì máa kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan, kìkì pé kò ní rí ibi kó ìdọ̀tí sí mọ́. Ẹni tó ń dúró de ìgbà tí yóò dí, asán ló ń dúró dè. Lọ́nà kejì, ohun gbogbo ló ń gba inú asẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀, bí ìdá mẹ́wàá ohun tí pọ́m̀pù ń tì, ló ń gba inú agolo yìí lẹ́ẹ̀kan. Fílítà bébà ló ń ṣọ́ ọ́ìlì tó ń lọ sí bíárìn. Ẹni tó bá rò pé asẹ́ méjì pọ̀ jù, tó sì yọ ti bébà sọnù, ti fi bíárìn sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Níkẹyìn, nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, agolo tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì máa ń yí fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá súnmọ́ ọn á gbọ́ tó ń kùn. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ nìyẹn. Ta ni yóò tẹ́tí sí asẹ́? Asẹ́ kì í kùn.

Àwọn mìíràn tó gbà pé asẹ́ kò bá a mu lè sọ pé kí a gba ọ̀dọ̀ tòrò lọ, kí a pè é ní ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tòrò. Ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́. Òun la ń lò fún odò tí kò rú, òun náà la ń lò nígbà tí a bá ní ìlú tòrò, pé ìjà ti tán, ọkàn àwọn ará ìlú sì ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ló ń jẹ́rìí sí tòrò: ohun tó bá tòrò, a lè wo inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í rí bẹ́ẹ̀. Èédú rẹ̀ kéré débi pé ọ̀pọ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà, kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì sì ń pa á mọ́ kó má bàa ṣù. Agolo ń kó nínú rẹ̀, kì í kó o tán. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá ìdíwọ̀n ọ́ìlì jáde, dúdú ni yóò rí, ẹ̀rọ náà kò sì tíì kùnà. Bí a bá ti fi tòrò ṣèlérí fún un, á ní wọ́n tan òun jẹ, á sì ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dànù.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní kí a fi orúkọ Òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò sọ nǹkan kan fún etí Yorùbá sàn ju ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ àyálò yóò béèrè, ẹni tó gbọ́ asẹ́ kò ní béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní Yorùbá ṣì nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agolo náà. Kò sì kan ọkọ̀ ńlá nìkan: ọ̀kadà Honda CG125, tó jáde ní 1976, ní irú agolo kékeré bẹ́ẹ̀ tó ń bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ètò tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ iṣẹ́ tó ti dàgbà kò lè kéré sí èyí.

Nítorí náà, mo dábàá afòyìyọ̀dọ̀tí: ohun tó ń fi òyì yọ ìdọ̀tí. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ amúlétutù àti amóhùnmáwòrán gbà wá ni òun náà gbà, a fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òòyì orí nìkan ni òyì. Pa àti òyì ló di pòyì, ohunkóhun tó bá sì ń yí kíákíá lójú kan lè pòyì. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ pọ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má sì gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ lórí yọ̀, torí bí kọ àti ìwé ṣe di kọ̀wé nínú akọ̀wé ni yọ àti ìdọ̀tí ṣe di yọ̀dọ̀tí. Bó bá gùn jù fún ẹnu oníṣẹ́, kó ké e kù sí afòyì. Ayọ̀dọ̀tí nìkan kò tó, nítorí fílítà bébà náà ń yọ ìdọ̀tí.