Kírísítálì inú omi iyọ̀ líle

Ìbéèrè: Kírísítálì protein mi hù nínú ammonium sulfate tó pọ̀. MPD tí mo fi kún un, ṣe ni omi náà pín sí méjì. Kí ni kí n lò dípò rẹ̀ kí yìnyín má bà á jẹ́ nígbà tí mo bá dì í? (Akẹ́kọ̀ọ́, Èbúté Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Àbúrò, fi MPD sílẹ̀, iyọ̀ ló ń lé e kúrò nínú omi. Kọ́kọ́ dán glycerol wò, ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí iyọ̀ dín, kí kírísítálì má bàa yọ́. Bí kírísítálì bá là nínú glycerol, gbìyànjú sodium malonate. Òun ni mo fẹ́ràn jù: iyọ̀ ni, síbẹ̀ bó bá ki, kì í jẹ́ kí omi di yìnyín. Kọ́kọ́ ti omi náà nìkan, láìsí kírísítálì, bọ naitirójìn olómi (-196°C) ná. Bó bá funfun, kò tíì tó. Jọ̀wọ́, má kánjú: Áfíríkà kò ní synchrotron (ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ta X-ray sí kírísítálì), òkè òkun ni kírísítálì rẹ ń lọ.