Ẹ Má Fi Ìwọ̀n Eré Ọmọ Yín Lé Àjèjì Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì tí ẹ ń kó ọmọ jọ sórí pápá ní Lagbé, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìjáfara. Bí ẹnikẹ́ni bá gba Ìgòlò wọlé, tàbí tó ti Kútọnu dé, tó ní òun fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́ ọmọ yín lẹ́yìn kí òun lè mọ bó ṣe ń sáré tó, ẹ dá a dúró. Ẹ bi í pé ta ni yóò ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà bá kọ sílẹ̀.

Mi ò bá ẹ̀rọ náà jà. Láti 2015 ni àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa wọ̀ ọ́ nínú ìdíje. Níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar lọ́dún 2022, kámẹ́rà orí pápá ni wọ́n fi mọ̀ pé Kamaldeen Sulemana, ọmọ Gánà, sá eré kìlómítà 35.7 ní wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì yára jù ú lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sulemana ti dàgbà, ó sì ní ẹgbẹ́ tó ń gbèjà rẹ̀. Ta ló ń gbèjà ọmọ ọdún mẹ́tàlá?

Ẹ wo fóònù tí àwọn tó ń wá wọn eré ọmọ sábà ń lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gba ipò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ọmọ tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí ti kọjá mítà mẹ́jọ kí fóònù tó tún wò ó. Sátẹ́láìtì náà sì lè fi mítà mélòó kan ṣì í. Nọ́ńbà tó bá jáde lè jẹ́ irọ́ pátápátá, irọ́ yẹn ni wọn yóò sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Bí wọ́n bá ti pè é ní aláìyára, ta ni yóò tún padà wá wọ̀n ọ́n lọ́mọ ọdún méjìdínlógún?

Ohun tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ. FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ré kọjá lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ́jẹ́ǹtì tó bá pè yín pé eré ọmọ yín ti dé etí Yúróòpù, pé kí ẹ tètè mú owó físà wá, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, lọ́dún 2021, agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 850, tí kóòṣì Russell Slade ṣáájú wọn, dìde sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ wọn pa owó láìgbàṣẹ. Àgbàlagbà tó ní lọ́yà ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kó àkọsílẹ̀ wọn lọ kí wọ́n tó fura.

Òfin wà nílẹ̀ wa. Ìwé òfin 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018, dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ APDP, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni, ló sì ń gba ẹ̀sùn. Kí àlejò náà kọ ọ́ sínú ìwé, ní èdè tí ẹ gbọ́: ohun tó fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe, ẹni tí yóò fi hàn, ọjọ́ tí yóò pa á rẹ́. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Bó bá kọ̀, kó tú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọmọ, kó máa lọ.