Lẹ́tà sí Àlàbí Lórí Ọ̀rọ̀ Ṣẹ́ẹ̀sì

Àlàbí ọmọ mi,

Àbúrò mi, bàbá rẹ, ti fi tó mi létí pé o fẹ́ pa ẹ̀kọ́ rẹ ní Pólì tì kí o lè gbájú mọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nìkan. N kò ní bá ọ jà. Ọmọ tó ń lu àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ní ẹ̀bùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé ìwé jù sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ bí o bá mú dúdú: Najdorf, tí wọ́n fi sọ ọ̀nà ìtayò dúdú tí o fẹ́ràn lórúkọ.

Póláńdì ni wọ́n bí i sí ní 1910. Savielly Tartakower, ògbóǹtarìgì nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ló tọ́ ọ sọ́nà. Ní 1939, àwọn méjèèjì bá ikọ̀ Póláńdì wọkọ̀ òkun lọ sí Olympiad ṣẹ́ẹ̀sì ní Buenos Aires, ní Ajẹntínà. Ìdíje ń lọ lọ́wọ́ ni Jámánì ya wọ Póláńdì. Ikọ̀ wọn ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n Júù ni Najdorf; kò sílé tó lè padà sí mọ́. Ìyàwó, ọmọ, òbí àtàwọn arákùnrin rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún.

Ẹni ọdún 29 ni nígbà náà. Ó dúró sí Ajẹntínà, ó wọ ìdí iṣẹ́ adójútòfò, iṣẹ́ náà sì là á. Kò fi ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ní São Paulo ní 1947, ó kojú ènìyàn 45 lẹ́ẹ̀kan náà láì wo ọpọ́n kankan. Rò ó wò: wọ́n á pe ohun tí ẹni tó wà nídìí ọpọ́n kejìdínlógún ta, yóò rántí ibi tí gbogbo ọmọ ọpọ́n náà wà, yóò fèsì, wọ́n á tún bọ́ sí ọpọ́n tó kàn. Ó lé ní wákàtí 23 kí wọ́n tó parí. Ó borí nínú 39, ó ta ọ̀mì nínú mẹ́rin, méjì péré ni wọ́n ti lù ú. Ìrètí rẹ̀ ni pé ìròyìn náà á dé Yúróòpù, bóyá ẹnì kan tó ṣẹ́ kù nínú ẹbí rẹ̀ á rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àṣé ìjọba Násì ti pa ìyàwó, ọmọ àtàwọn òbí rẹ̀.

Wá gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Ní Groningen ní 1946, Najdorf lu Botvinnik, ògbóǹtarìgì ará Soviet. Ní 1948, nígbà tí wọ́n kó àwọn tí yóò du ipò àgbáyé jọ, wọn kò pè é. Botvinnik yìí kan náà ló gba adé. Ní 1950 ni FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fún un ní oyè Grandmaster; ó wà lára àwọn 27 tó kọ́kọ́ gbà á. Bó bá jẹ́ inú ìpè 1948 ni oúnjẹ rẹ̀ wà, ebi ìbá pa á. Owó adójútòfò ló gbé e ró tó fi ń ta ayò rẹ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni, tó sì tún díje fún adé Ajẹntínà ní 1991, lẹ́ni tó ti lé ní 80 ọdún.

Nítorí náà, má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Gba ìwé ẹ̀rí rẹ ná. Máa ta ṣẹ́ẹ̀sì lópin ọ̀sẹ̀, kí o sì lọ sí ìdíje nígbà ìsinmi. Èmi ni n ó san owó ìwọlé. Bí ìdánwò bá kọlu ìdíje, ìdánwò ni kí o lọ ṣe. Fèsì sí mi kí oṣù yìí tó parí, kí o sì sọ fún bàbá rẹ pé o ti padà sí kíláàsì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Ìbàdàn