Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ọmọ́ńlé

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni kò mọ ọmọ́ńlé? Ẹranko afàyàfà kékeré ni. Ó jọ alángbá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀ ju ti alángbá lọ. Ọ̀sán ni alángbá ń jáde. Òru ni ti ọmọ́ńlé.

Kí ènìyàn tó kọ́ ilé, inú pàlàpálá àpáta àti abẹ́ èèpo igi ni irú ẹranko yìí ń gbé. Ìdànrè ní òkè àpáta, ṣùgbọ́n etí òkun Ìlàjẹ kò ní. Iyanrìn, ẹrọ̀fọ̀ àti omi ni tiwa. Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀ ilé ni a fi pákó kọ́ sórí òpó. Àlàfo àárín pákó ni ó di àpáta fún ọmọ́ńlé.

Báwo ni ó ṣe ń rìn lára àjà láìjábọ́? Kì í ṣe oje ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó kún abẹ́ ìka rẹ̀. Irun wọ̀nyí ni ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọmọ́ńlé kò ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé. Ahọ́n ni ó fi ń nu ojú rẹ̀. Bí ọ̀tá bá gbá a ní ìrù mú, ìrù náà á já, á sì máa jà pìtìpìtì nílẹ̀. Bí ọ̀tá ti ń wo ìrù, ọmọ́ńlé á sá lọ. Ìrù mìíràn á hù. Ẹyin méjì ni ó sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan ń pa á, wọ́n ní ó ní oró. Kò ní oró rárá. Ẹ̀fọn, aáyán àti àfòpiná ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀fọn ni ó sì ń kó ibà ràn wá. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọmọ́ńlé lè ní kòkòrò àrùn tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, ẹ máa bo oúnjẹ àti omi mímu. Ọmọ́ńlé nìkan kò lè pa ẹ̀fọn tán. Ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe pa ẹni tí ń bá yín ṣọ́ ilé lóru.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń mú ọmọ́ńlé lẹ̀ mọ́ ògiri?
2. Kí ni ìrù rẹ̀ ń ṣe fún un?
3. Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bo oúnjẹ, bí ọmọ́ńlé kò tilẹ̀ ní oró?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ní alẹ́ òní, wo ọmọ́ńlé kan nítòsí àtùpà. Kọ orúkọ kòkòrò tí ó jẹ.